Èbúté Tí Mo Kàn Lẹ́yìn Tí Àwọn Onígbafẹ́ Ti Lọ

Lọ́jọ́ Àìkú àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ítàjí, wọ́n pè mí síwájú pé kí n bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tó dára láti yàn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún mi. Ẹni tó ti di òòlù mú fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mi ò tíì la ẹnu tán tí ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì l'Ọ̀yẹ́ fi nawọ́ sókè.

Ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ wo ló máa ń yá jù?"

Mo ní, "Yá báwo?"

Ó ní, "Èyí téèyàn á tètè mọ̀, táá sì tètè jẹun níbẹ̀, sà."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pàtẹ́wọ́. Inú bí mi débi pé mo padà lọ jókòó. Ìyàwó mi ní mo dójú ti òun. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀ díẹ̀, mo mú ìwé àti báírò, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ń wá ohun tó yá lè kà á bó bá ṣe yá yín tó.

Káfíńtà ni mí. Sámúẹ́lì lorúkọ mi, àmọ́ ẹ̀yin ọmọdé Ìtàjí, Bàbá Káfíńtà lẹ̀ ń pè mí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ó sì ti kú kí n tó jáde ìwé mẹ́fà. Ìyá mi ń fún epo, ó ń gbin ẹ̀gẹ́. Nínú ìlú wa yìí, omi tó tóbi jù tí mo mọ̀ nígbà náà ni odò tí a ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí. Síbẹ̀, létí òkun ni mo ti mọ iṣẹ́ mi, ibẹ̀ náà ni mo sì ti bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ohun kan kúrò lọ́nà. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ń lọ sí etí òkun lọ́dọọdún. Tí mo bá sì ti dé, àwọn èèyàn á ní, "Sámúẹ́lì, ayé ń yẹ ọ́ o! O tún lọ gbafẹ́ létí òkun!" Afẹ́ wo? Ìgbà tí àwọn tó gbafẹ́ bá ti lọ ni wọ́n ń pe káfíńtà. Láti Kérésìmesì títí dé Àjíǹde ni ibẹ̀ máa ń kún. Tí Àjíǹde bá ti kọjá, tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti ilé ìdáná, wọ́n á da àga dé orí tábìlì, wọ́n á ká tìmùtìmù jọ, ajá á gba ọgbà. Ìgbà yẹn ni mo máa ń dé. Mi ò rí ẹnikẹ́ni tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ rí. Ohun tí mo ń rí ni àga tí wọ́n ti jókòó fọ́, ilẹ̀kùn tí wọ́n ti gbá mọ́ ògiri títí ó fi já, àti igi ọwọ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ọ̀bẹ kọ orúkọ ìyàwó àti ọkọ sí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ara yín, ṣé dandan ni kó jẹ́ ara ìrókò mi lẹ ti máa jẹ́wọ́ ẹ̀?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Fákúnlé ní Ìkọ̀lé ni ìyá mi mú mi lọ bá. Wọ́n kọ ìwé, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó parí. Ọ̀gá ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í pariwo. Ẹni tó ń pariwo, ẹ máa mọ ìgbà tí inú ń bí i. Ọ̀gá mi, ẹ ò lè mọ̀.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi ń na ìṣó tó ti wọ́. Kì í ṣe pé kò sí ìṣó tuntun o. Ìṣó tuntun wà nínú agolo. Ọ̀gá á kó èyí tó wọ́ fún mi pẹ̀lú òòlù kékeré, á ní kí n na wọ́n lórí òkúta. Mo fẹ́ fa ayùn, ó ní rárá. Mo fẹ́ fági, ó ní rárá. Nígbà tó di oṣù kẹrin, mo sunkún dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ìyá mi ní, "Ṣé ọwọ́ ẹ ṣì ń dùn ọ́?" Mo ní ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti lu ọwọ́ ara mi kẹ́yìn. Ó ní, "O ti rí nǹkan tó ń kọ́ ọ nìyẹn. Padà síbi iṣẹ́."

Ní ọdún kẹta, Ọ̀gá ní kí n ṣe àga kan fún ìjókòó àwọn àgbà ìjọ. Mo ṣe é, mo fi ọ̀dà dán an, ó ń kọ mànà. Mo ń retí ìyìn. Ọ̀gá gbé àga náà sórí ilẹ̀ simẹ́ńtì, ó fi ìka kan ṣoṣo tì í. Àga náà mì, tìkà-tìkà. Ẹsẹ̀ kan kúrú díẹ̀, ó tó ìbú èékánná.

Ó ní, "Gbé ayùn wá."

Mo rò pé ó fẹ́ gé àwọn ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù kí wọ́n lè dọ́gba. Ó gé àga náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ níwájú gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́, ó di igi ìdáná. Ó wá ní kí n fi se iṣu. Mo fi se é. Iṣu náà jinná dáadáa. Ọ̀gá jẹ ẹ́, ó sì ní kí èmi náà jẹ. Gbogbo òkèlè tí mo gbé mì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí ẹni gbé èébú mì ni. Bó ṣe ń nu ọwọ́, ó ní, "Uṣẹ́ tó dáa kì í di igi ìdáná." Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó bá mi sọ lọ́dún yẹn nìyẹn.

Ọmọ Ìkọ̀lé kan tó ti di ẹni ńlá l'Ékòó ló ní ilé ìgbafẹ́ tí mo ń sọ yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Lọ́nà Àgbádárìgì ló wà, lórí ilẹ̀ tóóró kan tí ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kan, tí òkun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ọkọ̀ ojú omi ló máa ń gbé àwọn onígbafẹ́ kọjá ọ̀sà. Wọ́n á sọ̀ ní èbúté onípákó tó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí òkun wà. Ọlọ́run ló mọ iye káfíńtà tó wà l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni náà ní òun ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni bí káfíńtà ilé bàbá òun. Ọ̀gá máa ń kó ìrókò láti ọ̀nà Òkè-Àkó, a ó dì í sínú ọkọ̀, a ó sì rìn lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo dá wàhálà sílẹ̀. Ní Èkìtì wa, a kì í pe ẹnì kan ṣoṣo ní "ẹ", bó ti wù kó dàgbà tó. "O" là ń wí, inú ohùn ni ọ̀wọ̀ wà. Mo rí mánéjà ilé ìgbafẹ́ náà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "O káàárọ̀, sà." Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọmọdé kan wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi lò ń pè ní 'o'?"

Mo ní, "Má bínú, sà. Ìwọ náà ni."

Ọ̀rọ̀ náà wá burú sí i. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n aṣọ sórí bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Sẹ̀nà ni, olórí àwọn alágbàfọ̀, obìnrin Ègùn tó sanra, tó dúdú, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni ń fọ́ ẹ̀pà. Ó ní, "Mánéjà, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti dọ̀bálẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kó wọlẹ̀ ni?" Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá ti gba ilé wọn lọ lẹ́yìn Àjíǹde, tí mánéjà bá kàn ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Ìyá Sẹ̀nà àti ọlọ́dẹ kan péré ló máa ń kù. Òun ló ń fún wa ní ẹja àti ẹ̀kọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa iyọ̀ òkun. Ẹ ò tíì mọ ọ̀tá. Iyọ̀ yẹn kì í sùn. Ìṣó tí mo bá kàn lónìí, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Àfi bóòtù, irin nínípọn tí wọ́n ń yí nọ́ọ̀tì mọ́ lẹ́nu, tí wọ́n ti fi nǹkan funfun bò, òun náà á sì fẹ́ àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Ọ̀gá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wàá wọ inú omi lábẹ́ èbúté, wàá di ìtì igi ìdábùú kọ̀ọ̀kan mú, wàá tú bóòtù rẹ̀, wàá wò ó, wàá fọwọ́ pa á, kí o tó dá a padà tàbí kí o pààrọ̀ rẹ̀. Ìtì igi mọ́kànlá ló wà lábẹ́ èbúté náà. Omi tútù, ẹrẹ̀ dé orúnkún, òjò lórí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ wá sọ fún mi pé mo ń gbafẹ́.

Nígbà tí mo gba fírídọ̀mù tán, Ọ̀gá ti ń dàgbà, eegun rẹ̀ ò fẹ́ omi mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán èmi nìkan. Ọdún kìíní dára, ọdún kejì dára. Ọdún kẹta ni mo ṣe ohun tí mo ṣe.

Àbúrò mi obìnrin, Fúnmiláyọ̀, ń ṣègbéyàwó ní Ìdó lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni mo dúró nípò bàbá wa. Mo ti ní kí n kúrò létí òkun ní Ọjọ́rú, ṣùgbọ́n òjò ò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi rọ̀. Mo jókòó sábẹ́ òrùlé, mo ń wo ọ̀sà bó ṣe ń kún, mo ń ṣépè fún ojú ọ̀run. Nígbà tó dá ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo bọ́ sínú omi. Mo yẹ ìtì igi méje wò. Ó ku mẹ́rin. Omi ti dé àyà mi, ọwọ́ mi ti kú. Mo fi òòlù lu àwọn mẹ́rin tó kù láti òkè, wọ́n dún bí ohun tó le. Mo rí bóòtù méjì tó ti pupa. Mo ní, "Ẹ ò lè já lónìí. Màá padà wá lẹ́yìn òjò." Mo mú ọ̀dà, mo fi kùn wọ́n kí mánéjà má bàa rí i. Mo sáré wọ ọkọ̀.

Ìgbéyàwó náà dùn. Mo jó. Mo fi ọwọ́ ara mi fa àbúrò mi lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n purọ́, mi ò rántí èbúté kankan lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Fákúnlé sọ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé ìyá mi n'Ítàjí. Kò wá sílé wa rí. Ó jókòó sórí pèpéle, kò gba omi tí ìyá mi gbé fún un.

Ó ní, "Mélòó lo yẹ̀ wò?"

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀, Ọ̀gá."

Ó ní, "Mélòó?"

Ìyá mi wo ojú mi. Mo ní, "Méje."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Sẹ̀nà kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti fọ̀ lọ sínú ọkọ̀ ojú omi, ìtì igi kan yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, pákó mẹ́ta bá a lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín méjì nínú wọn. Ó pẹ́ kí ọlọ́dẹ tó gbọ́ igbe rẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú gbogbo ọgbà náà. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá sí ọ̀nà méjì. Awakọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó ni ilé ìgbafẹ́ ló mú ìròyìn náà wá sí Ìkọ̀lé.

Ìyá mi dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ mi.

Láti Ìtàjí dé Àgbádárìgì, Ọ̀gá ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan. A dé Ìbàdàn, ó ra búrẹ́dì, ó já a sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó gbá mi létí ni, ara ì bá tù mí.

Nínú ilé ìwòsàn, Ìyá Sẹ̀nà dùbúlẹ̀, wọ́n ti fi nǹkan funfun líle bo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n so ó kọ́. Ọ̀gá tì mí síwájú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀. Mo rò ó fún un bó ṣe rí: òjò, ìgbéyàwó, ìtì igi méje, ọ̀dà. Mo sọ ti ọ̀dà náà. Ìyẹn ló ṣòro jù láti sọ.

Ó ní, "Ìgbà tí mò ń lọ sínú omi, ibo lo wà?"

Mo ní, "Mo ti padà sílé, Mà. A ń jẹ ìyókù oúnjẹ ìyàwó."

Ó ní, "Ìyàwó náà rẹwà?"

Mo ní, "Ó rẹwà, Mà."

Ó ní, "Ó dáa. Ẹnì kan kúkú jẹ èrè ìkánjú ẹ." Ó yí ojú sí ògiri.

Ọ̀gá bá mánéjà sọ̀rọ̀ níta. Mánéjà ti ń pariwo pé òun á lé gbogbo ará Èkìtì dànù, òun á sì fi ọlọ́pàá mú wa. Ọ̀gá jẹ́ kó pariwo tán. Ó ní òun á kó ìrókò tuntun wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní Sámúẹ́lì nìkan ló máa tú gbogbo èbúté náà palẹ̀, táá sì tún un kàn. Ó tún ní, "Títí obìnrin yìí á fi dìde, Sámúẹ́lì ni yóò máa fọ aṣọ." Ó wọ ọkọ̀, ó padà sí Ìkọ̀lé. Kò bi mí bóyá mo gbà.

Oṣù mẹ́rin ni mo lò létí òkun lákòókò tí kò sẹ́ni tí ń lọ síbẹ̀. Láàárọ̀, màá wà nínú omi. Lọ́sàn-án, màá fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ fèrèsé, tówẹ̀lì tó ti gba ìwúwo iyanrìn. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń sọ pé ìfọṣọ kì í ṣe iṣẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n fi yín sẹ́nu rẹ̀. Aṣọ ò gbẹ nínú òjò. Tí mo bá sá a, òjò á dé. Tí mo bá ká a, oòrùn á yọ. Mo máa ń dúró láàárín ọgbà, mo máa ń bú gbogbo ohun tó wà lókè.

Nígbà tí wọ́n dá Ìyá Sẹ̀nà padà sínú ọgbà, wọ́n gbé àga fún un sábẹ́ igi fúrúùtù tó kọjú sí èbúté. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti di méjì. Obìnrin yẹn ò dákẹ́. "Pákó yẹn wọ́." Kò wọ́. "Mo ní ó wọ́." Màá wọ̀n ọ́n, kò wọ́. "Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i." Nígbà tí mo bá sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti wọ́ díẹ̀. Ẹ gbà mí.

Ó tún pàṣẹ pé mi ò gbọdọ̀ fi bóòtù kankan wọlé láìjẹ́ pé òun fọwọ́ kàn án. Màá jáde nínú omi, omi á máa kán lára mi, màá gbé bóòtù kan lọ bá a. Á fi ìka yí i, á gbé e sójú, á ní, "Lọ." Bóòtù kan péré! Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n kó wọn wá lápapọ̀. Ó ní, "Ṣé lápapọ̀ lo fi kun àwọn tó já?" Mi ò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo parí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jáde nínú ohun funfun náà, ṣùgbọ́n ó ti kúrú ju èkejì lọ, ó sì ti mú ọ̀pá. Ó dìde, ó ní kí n má tẹ̀ lé òun. Ó gorí èbúté náà, ó ń tiro lọ. Ó dé àárín. Ó dúró. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á, nítorí ó ń fi ọ̀pá kan pákó wò. Ló bá gbé ẹsẹ̀ tó dá gan-an sókè, ó fi tẹ pákó mọ́lẹ̀, gbì! Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó mì. Ó yíjú sí mi, omi ti kún ojú mi, ó ní, "Kí lò ń wò? Kó aṣọ wá. Ọkọ̀ ń dúró."

Ó ń tiro títí di òní. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìyẹn mọ́lẹ̀ fún yín. Mo ti tọrọ àforíjì, ó ti fún mi, ẹsẹ̀ náà ò sì gùn sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún ń yí lu ọdún. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi l'Ọ̀yẹ́. Irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìfági tí a ń fi ọwọ́ tì, ẹ̀rọ gba ipò rẹ̀. Mo ra ọ̀kan, ìlú ò sì ní iná. Mo ra jẹnẹrétọ̀, epo gbówó lórí. Ọjọ́ tí epo bá wà, tí iná bá tún dé, ẹ̀rọ náà á bàjẹ́. Mi ò ní sọ pé ti àtijọ́ ló dára jù. Ohun tí mo fi ọjọ́ méjì fá, ẹ̀rọ fá a láàárín wákàtí kan, ẹ̀yìn mi sì dúpẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ̀rọ ò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ó ń gé igi, ó ń gé ìṣó, bí ìka bá wà níbẹ̀, á gé e mọ́ ọn. Ìṣó náà ti yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí, bí o bá sọ̀rọ̀ líle sí i, ó wọ́.

Yunifásítì dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ìlú, gbogbo wọn fẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á wá lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Màá ní igi náà ò tíì gbẹ. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ bá wa fi arère kàn án, ọdún kan péré la máa lò." Ọdún kan péré! Bí ẹni pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ò ní ẹ̀yìn tó máa dùn ún.

Ọ̀gá Fákúnlé kú lẹ́ni tó ti darúgbó. Èmi ni mo kan pósí rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti mú ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n ń pè mí lórí fóònù ní gbogbo ìgbà pé ṣé mo ti ṣe tán. Mo ní rárá. Ìdérí rẹ̀ ò tíì jókòó dáadáa. Akọ́bí rẹ̀ ní, "Bọ̀ọ̀dá Sámúẹ́lì, inú ilẹ̀ ló ń lọ! Ta ni yóò rí i?" Mo ní, "Ọ̀gá máa rí i." Mo tú u, mo tún un ṣe. Wọ́n sún ìsìnkú síwájú ní ọjọ́ méjì, wọ́n bínú sí mi, àwọn kan nínú wọn ò tíì yé bínú. Kí wọ́n máa bínú lọ.

Ọdún tó kọjá, lẹ́yìn Àjíǹde, ọmọbìnrin ọ̀gbẹ́ni tó ni ilé ìgbafẹ́ náà pè mí. Òun ló ń bójú tó o báyìí. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí wa. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ rí kó tó lọ." Mo rò pé bóòtù ni. Mo di irinṣẹ́. Ìyàwó mi ní, "Pẹ̀lú ọwọ́ yìí?" Mo lọ. Ọ̀nà ọ̀hún ti bàjẹ́ débi pé kí n tó dé Ìbàdàn, gbogbo egungun mi ti yẹ̀.

Bí mo ṣe mọ ibẹ̀ náà ló ṣe rí. Ilé ìdáná wà ní títì, àga wà lórí tábìlì, ajá wà nínú ọgbà. Ìyá Sẹ̀nà ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Ègùn. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi, ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ó ní àwọn fẹ́ wó èbúté náà. Irin àti kọnkéré ni wọ́n fẹ́ fi ṣe tuntun, nítorí ọkọ̀ ojú omi ti wá tóbi.

Mo ní, "Láti Ìtàjí lo ti pè mí kí n wá wo bí wọ́n ṣe máa wó iṣẹ́ mi?"

Ó ní, "Bàbá, mo rò pé kò dáa kí n wó o lẹ́yìn yín."

Mo fẹ́ yí padà wọ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ náà, kò sí bí mo ṣe lè bá a jà. Ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ó ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe tọ́. Mo gba àga tó gbé fún mi, mo jókòó lẹ́bàá omi.

Ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n gbà síṣẹ́, alágbára, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dún bí ẹni ń fa ọ̀run ya. Wọn ò mọ̀ mí. Wọ́n ní wákàtí méjì ló máa gbà. Nígbà tó di ọ̀sán, pákó mẹ́ta péré ni wọ́n tíì ṣí. Ẹ̀rọ wọn kan ti fọ́ eyín rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú irin gbọọrọ wá, wọ́n fi ń wú u, irin náà tẹ̀. Bóòtù ò yẹ̀, ìrókò ò yẹ̀. Wọ́n wọ inú omi, wọ́n jáde, wọ́n bú ara wọn, wọ́n bú ọmọbìnrin tó gbà wọ́n síṣẹ́. Mo ń jẹ ẹ̀pà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, olórí wọn jáde nínú omi, ẹrẹ̀ dé itan, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó ju òòlù sílẹ̀, ó jókòó sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ tiẹ̀ wò ó. Ta ló kan èbúté yìí gan-an? Irú èèyàn wo nìyẹn? Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?"

Mo gbé ike omi tó wà lẹ́sẹ̀ mi, mo nà án sí i.

Mo ní, "Èmi ni. Mu omi. Ó ṣì ku ọjọ́ méjì níwájú yín."